Aṣọ Tí Ó Yẹ Òde Orin Gbangba

Àwọn àgbà a máa wí pé ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bí ọ̀rọ̀ yìí ti jẹ́ òtítọ́ nípa orúkọ, bẹ́ẹ̀ náà ni ó jẹ́ òtítọ́ nípa aṣọ. Ibi tí ènìyàn ń lọ ni ó yẹ kí ó wò kí ó tó ṣí àpótí aṣọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n lóde òní, bí a bá ti kéde pé àwọn olórin ń bọ̀ wá ṣeré ní pápá kan, púpọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ wa kì í bèèrè bí pápá náà ti rí, bẹ́ẹ̀ ni wọn kì í wo ojú ọ̀run. Ohun tí wọ́n máa ń bèèrè ni pé, "Aṣọ wo ni n óò wọ̀ tí gbogbo ojú yóò fi yí sí ọ̀dọ̀ mi?" Ìbéèrè yìí kò burú, nítorí kò sí èwe tí kò fẹ́ ẹwà. Àbùkù rẹ̀ kan ṣoṣo ni pé òun kọ́ ni ó yẹ kí ó ṣáájú. Èrò tèmi ni pé, ní òde orin gbangba, ara ẹni tí ó wọ aṣọ ni ó yẹ kí aṣọ kọ́kọ́ sìn, kí ó tó sin ojú ẹlòmíràn. Ẹni tí ó bá tẹ̀ lé ètò yìí ni yóò gbádùn òde náà jù, òun kan náà ni ẹwà rẹ̀ yóò sì pẹ́ jù lọ.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ irú òde tí à ń sọ. Òde orin gbangba kò rí bí àsè inú gbọ̀ngàn, níbi tí a ti tẹ́ àga, tí afẹ́fẹ́ ẹ̀rọ sì ń fẹ́. Ní pápá, kò sí òrùlé. Bí oòrùn bá mú, orí ènìyàn ni yóò mú mọ́. Bí òjò bá sì dé, ara rẹ̀ ni yóò pa. Ìdúró ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń wà fún wákàtí púpọ̀, àwọn kan láti ọ̀sán títí di ọ̀gànjọ́ òru. Èrò a máa pọ̀ débi pé èjìká ń kan èjìká. Ọkọ̀ a máa dúró lókèèrè, ẹsẹ̀ ni a ó sì fi rin ìyókù ọ̀nà. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ijó ni a bá lọ síbẹ̀. Aṣọ tí kò bá lè fara da ìrìn, ìdúró àti ijó, aṣọ ibòmíràn ni, bí ó ti wù kí ó dára tó.

Ohun tí ó kọ́ mi ní ẹ̀kọ́ yìí ṣẹlẹ̀ sí àbúrò mi obìnrin, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́rin fi ohùn ṣọ̀kan láti wọ irú aṣọ kan náà lọ sí òde orin kan ní oṣù Kẹta, nígbà tí ooru mú gidigidi tí òjò kò sì tíì bẹ̀rẹ̀. Aṣọ dúdú tí ń dán ni, náílọ́ọ̀nù ni wọ́n fi hun ún, wọ́n sì rán an mọ́ wọn lára pinpin. Wọ́n ra bàtà gogoro tí ó bá a mu. Èmi gan-an ni mo san owó aránṣọ. Nígbà tí ó wọ̀ ọ́ tán, tí ó yí po lẹ́ẹ̀mejì ní iwájú mi, mo yìn ín, mo ní ó dára bí egbin. N kò bèèrè bí yóò ti mí nínú rẹ̀.

Ọ̀sán gangan ni a dé pápá náà. Olórin tí àbúrò mi ń retí kò ní jáde títí di ìrọ̀lẹ́. Kò pé wákàtí méjì tí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí gbé ẹsẹ̀ kan sókè tí ó ń sọ èkejì kalẹ̀. Nígbà tí ó ṣe, ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ lásán tẹ iyanrìn gbígbóná, èèkù ìgò kan sì gé e ní àtẹ́lẹsẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń ya àwòrán. Kò fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ó rẹ òun. Lójijì ni ó dì mọ́ mi lápá, ó ní òòyì ń kọ́ òun, kí n sì tó dáhùn, ó ti ṣubú. Àwọn ìyá kan tí ń ta omi ni wọ́n bá mi gbé e lọ sí abẹ́ ibòji. Síìpù aṣọ náà kọ̀, kò ṣí. Ọ̀bẹ ni ọ̀kan nínú wọn fi ya á lẹ́yìn kí ó tó lè mí dáadáa. Wọ́n fẹ́ ẹ ní abẹ̀bẹ̀, wọ́n fi omi tù ú lára, ojú rẹ̀ sì là.

A ti wà ní ojú ọ̀nà ilé nígbà tí a gbọ́ ìlù olórin náà lẹ́yìn wa. Àbúrò mi bú sẹ́kún. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, láti ọdún tí mo ti ń retí ọkùnrin yìí, ariwo rẹ̀ láti òkèèrè nìkan ni mo wá gbọ́." Mo bá ara mi wí ní ọjọ́ náà ju bí mo ti bá a wí lọ. Èmi ni àgbà, èmi ni mo san owó, síbẹ̀ ojú lásán ni mo fi wo aṣọ náà.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń sọ fún àwọn ọ̀dọ́ pé ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ láti gbé yẹ̀ wò ni àkókò ọdún. Ní ilẹ̀ Yorùbá, òjò a máa bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù Kẹta tàbí ìkẹrin, a sì máa rọ̀ títí di oṣù Kẹwàá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó sábà máa ń sinmi díẹ̀ ní oṣù Kẹjọ. Ẹni tí ó bá ń lọ sí pápá láàárín àkókò yìí, kí ó mú ẹ̀wù òjò fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ó ṣeé ká sínú àpò dání. Ó sàn ju agboòrùn lọ, nítorí agboòrùn a máa dí ojú ẹni tí ó wà lẹ́yìn, ó sì lè gún ẹlòmíràn lójú. Ní oṣù Kejìlá àti oṣù Kìíní, nígbà tí òde orin máa ń pọ̀ jù, ọyẹ́ ni ó ń jọba. Oòrùn ọ̀sán a máa mú, ṣùgbọ́n òtútù a máa bọ́ lóru, eruku a sì gba gbogbo afẹ́fẹ́. Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, aṣọ méjì tí a wọ̀ lé ara wọn, tí a lè bọ́ ọ̀kan nígbà ooru, sàn ju aṣọ kan tí ó nípọn lọ. Ìborùn tí obìnrin fi kọ́ èjìká ní ọ̀sán ni yóò fi bo imú nígbà eruku, òun náà ni yóò sì fi bo ara nígbà òtútù.

Ohun kejì ni ilẹ̀ tí a ó tẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n mú àpẹẹrẹ kan wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ọ̀kan nínú àwọn àjọ̀dún orin gbangba tí ó lókìkí jù lọ ní ayé wà, èyí tí wọ́n ń pè ní Glastonbury. Ní ọdún 1970 ni àgbẹ̀ kan tí ń sin màlúù, Michael Eavis, bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lórí oko rẹ̀ ní abúlé Pilton. Pọ́n-ùn kan ni owó ìwọlé nígbà náà, wàrà ọ̀fẹ́ sì wà fún ẹni tí ó bá wá. Ní àwọn ọdún àìpẹ́ yìí, àwọn tí ń péjọ síbẹ̀ ti lé ní 200,000. Àwọn olórin ilẹ̀ wa pàápàá ti ṣeré níbẹ̀: King Sunny Adé ní ọdún 1983, Fẹlá Aníkúlápó-Kútì ní ọdún 1984, àti Burna Boy lórí pèpéle ńlá ibẹ̀ ní ọdún 2024.

Ìparí oṣù Kẹfà ni àjọ̀dún náà sábà máa ń bọ́ sí, èyí tí í ṣe àkókò ẹ̀ẹ̀rùn lọ́dọ̀ wọn. Síbẹ̀, òjò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kì í gbọ́ ti ẹ̀ẹ̀rùn. Ní ọdún 1997 àti 1998, òjò sọ pápá náà di ẹrẹ̀ débi pé títí di òní ni àwọn tí ó lọ ń fi ẹrẹ̀ náà pìtàn. Kí ni àwọn ènìyàn náà wá ṣe? Wọ́n sọ bàtà rọ́bà gíga, irú èyí tí àgbẹ̀ fi ń wọ inú oko, di bàtà àríyá. Lónìí, olówó àti òtòṣì, ọ̀dọ́ àti àgbà, gbogbo wọn ni ó ń wọ̀ ọ́ lọ sí Glastonbury. Àwọn kan ra aláwọ̀ pupa, àwọn kan ra aláwọ̀ òféefèé, àwọn mìíràn sì kun òdòdó sí tiwọn lára. Kò sí ẹni tí ń fi wọ́n ṣẹ̀sín. Ohun tí ó wúlò ni wọ́n kọ́kọ́ yàn, lẹ́yìn náà ni wọ́n wá fi eré kún un.

N kò wí pé kí ọmọ Ìbàdàn tàbí Èkó lọ ra bàtà rọ́bà gíga nítorí pé àwọn ará Pilton ń wọ̀ ọ́. Bí ó bá wọ̀ ọ́ nínú ooru tiwa, òógùn ni yóò kún inú rẹ̀. Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ ni pé kí olúkúlùkù bi ilẹ̀ tirẹ̀ léèrè. Lórí pápá tiwa, tí ó ní iyanrìn, òkúta wẹ́wẹ́ àti èèkù ìgò, bàtà pẹlẹbẹ tí ó bo ọmọ ìka ẹsẹ̀, tí a sì fi okùn dì, ni ó dára jù. Kí ó má ṣe jẹ́ bàtà tuntun tí a kò tíì wọ̀ rí, nítorí bàtà tuntun a máa bó ẹsẹ̀. Bàtà gogoro a máa rì sínú iyanrìn, a sì máa rọ́ ọrùn ẹsẹ̀. Sálúbàtà a máa bọ́ lẹ́sẹ̀ nínú èrò, ẹni tí ó bá sì bẹ̀rẹ̀ láti wá a, ó ti fi ara rẹ̀ wéwu.

Ohun kẹta ni irú òwú tí a fi hun aṣọ. Gbogbo ọmọ tí ó bá ti mu omi inú àmù rí mọ̀ pé omi náà a máa tutù ju èyí tí ó wà nínú garawa lọ. Ìdí rẹ̀ ni pé amọ̀ a máa jẹ́ kí omi díẹ̀díẹ̀ jò jáde, afẹ́fẹ́ a gbé e lọ, bí ó sì ti ń gbé e lọ ni ó ń gba ooru kúrò lára àmù. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ara ènìyàn rí. Òógùn ni omi tirẹ̀. Aṣọ òwú, bí àdìrẹ àti àǹkárá tí wọ́n fi ojúlówó òwú ṣe, a máa fa òógùn náà mu, a sì jẹ́ kí afẹ́fẹ́ rí ọ̀nà kọjá, pàápàá bí a kò bá rán an mọ́ ara pinpin. Ṣùgbọ́n náílọ́ọ̀nù tí ó fún mọ́ ara dà bí ìgbà tí a fi ọ̀rá wé àmù: òógùn kò rí ọ̀nà lọ, ooru kò sì jáde. Bí aṣọ náà bá tún jẹ́ dúdú nínú oòrùn, ó ti di méjì, nítorí àwọ̀ dúdú a máa gba ooru oòrùn ju àwọ̀ fífẹ́lẹ́ lọ. Ìyà tí ó jẹ àbúrò mi kò ju èyí lọ. Ẹ rántí pẹ̀lú pé òwú tí òjò bá pa kì í tètè gbẹ. Nítorí náà, ẹ̀wù gbígbẹ kan nínú àpò kì í ṣe ẹrù.

Ohun kẹrin ni ọmọnìkejì wa. Oòrùn kò gbọdọ̀ pa orí, fìlà tàbí akẹtẹ̀ sì dára fún un. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ti ṣú, kí a ṣí akẹtẹ̀ kúrò lórí. Gèlè tí a wé tí ó fẹ̀ bí abọ́ dára ní ibi ìgbéyàwó. Ní iwájú pèpéle olórin, ìyà ni fún ẹni tí ó wà lẹ́yìn, òun náà sì san owó ìwọlé bíi tiwa. Obìnrin tí ó bá wé gèlè rẹ̀ mọ́ orí pẹ́pẹ́ ní ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ẹwà rẹ̀ kò dín, àdúrà àwọn tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni ó pọ̀ sí i.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò dá mi lóhùn pé ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀. Wọn yóò ní àwọn baba wa kì í jáde lọ sí òde láìgbé agbádá ńlá wọ̀, àti pé ẹni tí ó bá múra bí ẹni tí ń lọ sí oko, bí ará oko ni a ó ṣe kí i. Òótọ́ ń bẹ nínú ọ̀rọ̀ yìí, n kò sì ní kà á sí asán. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo àwọn baba wa náà dáadáa. Àgbà tí ó gbé agbádá wọ̀ jókòó lábẹ́ ibòji ni, wọ́n ń fẹ́ ẹ ní abẹ̀bẹ̀, bí ó bá sì dìde láti jó, ìṣísẹ̀ mélòó kan ni, ó ti padà sórí àga. Ẹni tí ijó jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀ kì í wọ agbádá. Gbárìyẹ̀ ni ó ń wọ̀, ẹ̀wù tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ fẹ̀, tí ó ń ṣí bí agboòrùn nígbà tí oníjó bá yí po. Kẹ̀ǹbẹ̀ ni ó fi ń gbé e, ṣòkòtò tí kò gùn dé ilẹ̀, kí ẹsẹ̀ lè ráyè. Àwọn ìyá wa náà a máa ró tòbí sábẹ́ ìró, kí ìhòòhò má bàa hàn bí ìró bá tú nínú ijó, inú rẹ̀ náà ni wọ́n sì ń tọ́jú owó wọn sí tí olè kò fi rí i. Ta ni yóò sọ pé gbárìyẹ̀ kò lẹ́wà? Ẹwà rẹ̀ gan-an ti inú ìwúlò rẹ̀ jáde wá. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń wọ aṣọ tí ó bá ijó mu kò kọ àṣà baba rẹ̀ sílẹ̀. Ó ń tẹ̀ lé e ni.

Ẹ má sì ṣe rò pé ẹni tí ó gbọ́n ní ọ̀nà yìí kò ní ráyè ṣeré. Àyè pọ̀ fún un ju ti ẹlòmíràn lọ. Dàńṣíkí àdìrẹ tí a fi ẹlú pa láró, ìlẹ̀kẹ̀ aláwọ̀ púpọ̀ ní ọrùn ọwọ́, fìlà tí a gẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, okùn bàtà tí ọ̀kan pupa tí èkejì sì jẹ́ òféefèé: gbogbo ìwọ̀nyí ń dá ènìyàn lára yá, kò sì sí èyí tí ó lè dá a ní kùnrùn. Bí ẹgbẹ́ kan bá fẹ́ kí a dá àwọn mọ̀, aṣọ ìléwọ́ aláwọ̀ kan náà tí olúkúlùkù so mọ́ ọrùn ti tó. Yóò tilẹ̀ jẹ́ kí wọ́n tètè rí ara wọn bí èrò bá yà wọ́n.

Ó ku ọ̀rọ̀ owó. Àgbà tí ó wẹ̀wù àṣejù, ẹ̀tẹ́ ni yóò fi rí. Kí a tó wá sọ ti ọmọ ilé-ìwé tí òbí rẹ̀ ń bọ́. Mo ti rí ọmọ tí ó yá owó, mo sì ti rí èyí tí ó yá aṣọ, nítorí òde alẹ́ ọjọ́ kan. Ẹni tí ó yá aṣọ wọ̀ kò lè jó, nítorí bí ó ti ń jó ni ó ń bẹ̀rù kí ó má fà ya. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ san owó wọlé tán, ó wá di olùṣọ́ aṣọ aláṣọ. Bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ bá ń fi dandan mú ọ láti ra aṣọ tí agbára rẹ kò ká, tàbí tí ara rẹ kò lè gbà, fi ẹ̀rín kọ̀ fún wọn. Ọ̀rẹ́ tí ó bá fẹ́ràn rẹ, ìwọ ni ó fẹ́ràn, kì í ṣe aránṣọ rẹ.

Ní ọdún kejì, olórin tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ tún padà wá sí ìlú wa. Àbúrò mi yọ bùbá àdìrẹ àtijọ́ ìyá wa kan jáde, ó gé apá rẹ̀ kúrú, ó rán àpò kan sí inú rẹ̀. Ó wọ ṣòkòtò òwú tí ó fẹ̀ díẹ̀ àti bàtà tí ó fi ń ṣe eré ìdárayá ní ilé-ìwé, ó sì fi ìlẹ̀kẹ̀ pupa sí irun. Ní agogo mẹ́jọ alẹ́, nígbà tí ìlù dún tí olórin náà yọ, àwọn kan ní ẹ̀gbẹ́ wa ti jókòó sílẹ̀, wọ́n mú bàtà gogoro lọ́wọ́. Àbúrò mi kò jókòó. Ó jó títí orin ìkẹyìn fi parí, nígbà tí a sì ń rìn padà lọ sí ìdí ọkọ̀, òun ni ó ń ṣáájú tí mo ń tẹ̀ lé e.